‘A Dúpẹ́’ Kì Í Ṣe Ìdáhùn

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí orí ṣe ń gbóná láìsí ibà, kí ó lọ forúkọ sílẹ̀ fún oyè ọ̀mọ̀wé lẹ́yìn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì Àgbà dán an wò. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́. Ilé ìwòsàn ti fún un ní aago ògiri, wọ́n ti bá a ya fọ́tò, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti ń bá ara wọn jà lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ wá bá tọ́mọ. Ó ní kí wọ́n fi òun lọ́rùn sílẹ̀. Ó ní gbogbo ọjọ́ ayé òun lòun fi ń kọ ohun tí aláìsàn bá sọ sínú fáìlì, tí ìlà á gùn dé ìta, tí dókítà á máa jágbe, tí ọrùn ọwọ́ á máa ro òun. Òun fẹ́ ṣe ẹ̀rọ kan tí yóò máa bi aláìsàn léèrè ní èdè wa, tí yóò gbọ́ ohun tó ń ṣe é, tí yóò sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ de dókítà. Yunifásítì ní èrò náà dára gan-an, kí ó wá fi gba oyè. Báyìí ló ṣe kó sí i.

Àfi bíi pé ìyẹn ò tíì tó, ó tún dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ yìí kan náà, kí ilé ìwòsàn lè máa lò ó bó bá jáde. Ènìyàn méjì péré ló wà nínú iléeṣẹ́ ọ̀hún: òun, àti ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ tísà ìṣirò kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ọkọ rẹ̀ ní òun ò ní jẹ́ ọmọṣẹ́ nínú pálọ̀ ara òun, nítorí náà òun ni Alága. Ó dára, Alága ni. Láti ọjọ́ náà, orúkọ tí Nọ́ọ̀sì Àgbà ń pè é nìyẹn, ó sì máa ń pè é lọ́nà tí ẹlòmíràn ì bá fi bínú. Pálọ̀ ni ọ́fíìsì wọn. Inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ni wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀, torí pé aṣọ kì í jẹ́ kí ohùn dún padà. Aládùúgbò á wọlé, á jókòó sórí àpótí láàárín kóòtù Alága àti búláòsì ìyàwó rẹ̀, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, á sì máa ròyìn gbogbo àìsàn tó ti ṣe é rí. Ọ̀kan sùn lọ síbẹ̀. Wọ́n rò pé ó ń ronú ni.

Gbogbo èyí ṣì rọrùn. Ẹni tó ń bà á lọ́kàn jẹ́ ni alábòójútó rẹ̀ ní yunifásítì, tí òun àti àkọ́bí rẹ̀ jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kékeré ni Nọ́ọ̀sì Àgbà sọ ọ́ nínú ilé. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni, kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò lẹ́kọ̀ọ́. Bí Nọ́ọ̀sì Àgbà bá ti yọjú, á dìde, á tẹrí ba, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu àga fún un, á wá jókòó, á sì ya iṣẹ́ rẹ̀ pẹ́rẹpẹ̀rẹ.

“Ẹ kú àárọ̀ mà. Ilé ńkọ́ mà? Orí kẹta yìí ò dáa rárá mà. Ẹ tún un kọ mà.”

Gbogbo ‘mà’ yẹn ló ń dùn ún jù. Bí ènìyàn bá máa bú mi, kí ó bú mi, kí ó má fi ‘mà’ wé e fún mi bí ẹ̀bùn. Òun náà á ní, “Ẹ ṣé, sà,” á sì máa payín keke títí dé ibi tó ti ń wọkọ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Kékeré yìí ló sọ lọ́jọ́ kan pé ìkíni ti pọ̀ jù nínú àwọn ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Ó ní kí ẹnì kan tó dárúkọ orí fífọ́, á ti kí ilé, á kí ọ̀nà, á dúpẹ́ títí, ẹ̀rọ ò sì mọ èwo ni kó mú. “Kò sí ìmọ̀ nínú ìkíni mà. Ẹ gé gbogbo ẹ̀ dànù.” Nọ́ọ̀sì Àgbà jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó fi gbohùngbohùn há etí, ó ń gé e. Ó gé ‘ẹ káàárọ̀’, ó gé ‘ara le’, ó gé ‘a dúpẹ́’. Ó gé e títí tí Alága fi ń béèrè bóyá oúnjẹ máa délé lọ́dún yẹn. Nígbà tó parí, ẹ̀rọ náà wá ń gbọ́ràn bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nà. Wọ́n dán an wò, máàkì rẹ̀ sì lọ sókè. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kékeré rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ó sì yẹ kí ó rẹ́rìn-ín, torí ọjọ́ ti lọ. Yunifásítì ti sún àkókò síwájú fún Nọ́ọ̀sì Àgbà léraléra, wọ́n sì ti wá kọ̀wé sí i pé ó tó gẹ́ẹ́: bí kò bá gbèjà iṣẹ́ rẹ̀ níwájú àwọn olùdánwò kí sáà yìí tó parí, àwọn á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló kù, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ilé ìwòsàn kan, kí àwọn aláìsàn gidi lò ó.

Wọ́n gbé e lọ. Fóònù kan ni, lórí igi ìgbéró, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí aláìsàn ti ń dúró. Ohùn Alága ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, torí pé Alága ní ohùn òun ló ń fini lọ́kàn balẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló kọ́kọ́ jókòó. Ẹ̀rọ ní, “Ẹ káàárọ̀. Ṣé ara le?” Ó ní ọ̀fun ń dun òun. Ẹ̀rọ kọ ọ́ sílẹ̀ láìṣì. Alága wo ìyàwó rẹ̀, ó ṣẹ́jú sí i.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn àgbàlagbà bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan jókòó tó fọwọ́ di àyà mú, tó ń mí bí ẹni tó sáré. Ẹ̀rọ béèrè bóyá ara le. Ìyá ní, “Ara le, a dúpẹ́.” Ẹ̀rọ tí wọ́n ti gé irú rẹ̀ kúrò nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, tó wá àìsàn nínú ọ̀rọ̀ náà tí kò rí, ní, “Kò sí ohun tó ń ṣe yín. Ẹ máa lọ sílé ní àlàáfíà. Ẹni tó kàn!” Ìyá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ, ó dìde, ó sì ń lọ. Bàbá kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú tẹ̀ lé e. Àlàáfíà ni, a dúpẹ́. Ó yá, sílé. Ẹ̀kẹta, sílé. Ẹ̀kẹrin, sílé.

“Wo bí ìlà ṣe ń yára!” Alága ń fọwọ́ lu orúnkún. “Mi ò sọ fún ẹ?”

Nọ́ọ̀sì Àgbà wà ní ìdí kọ̀ǹpútà lọ́hùn-ún, ó ń bá wáyà jà, kò rí nǹkan kan. Dókítà ilé ìwòsàn ló yọrí síta tó ní, “Àwọn aláìsàn mi dà?”

Ìgbà náà ni Nọ́ọ̀sì Àgbà wo ojú ẹ̀rọ. Gbogbo wọn, ‘kò sí àìsàn, kò sí àìsàn,’ títí dé ìsàlẹ̀. Kò mọ̀ pé òun ṣì lè sáré. Ó bá ìyá tó fọwọ́ di àyà mú níbi tó ti ń dúró de ọkọ̀.

“Màmá, ẹ dákun, ẹ padà!”

“Padà ṣe kí ni? Ẹ̀rọ yín ní kò sí nǹkan tó ń ṣe mí. Ọkàn mi ti balẹ̀.”

“Àyà ń dùn yín, mà! Ẹ sì sọ fún un pé ara le!”

“Ó kí mi ni, mo sì dá a lóhùn,” ìyá ní, ó wò ó láti òkè délẹ̀. “Ṣé kí ènìyàn kí mi káàárọ̀, kí n wá máa da àrùn sí i lára? Mo ń retí kó bi mí lóhun tó gbé mi wá. Kò bi mí.”

Alága ti lọ kó àwọn yòókù padà. Nọ́ọ̀sì Àgbà di ìyá náà mú lápá, ó mú un padà, inú sì bí i lójú ọ̀nà débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Kì í ṣe ìyá náà ló bí i nínú, kì í tilẹ̀ ṣe Ọ̀jọ̀gbọ́n Kékeré. Ara rẹ̀ ni. Ní gbogbo ìgbà tó fi ṣe nọ́ọ̀sì, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń bi aláìsàn. Àkọ́kọ́, wọ́n á dúpẹ́. Á jẹ́ kí wọ́n dúpẹ́ tán, á wá ní, “Kí ló wá ń ṣe yín gan-an?” Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, kò sì kọ ọ́ síbì kankan, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo nọ́ọ̀sì ń ṣe. Ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé e kúrò, torí pé ọmọ kan fi ‘mà’ bẹ̀ ẹ́. Àfọwọ́fà ni.

Lọ́jọ́ kejì, kò dúró kí ẹnikẹ́ni nu àga fún un.

“Mo fẹ́ dá gbogbo ìkíni padà, sà.”

“Mà! Kò sí àkókò mà. Máàkì ẹ̀rọ á já wálẹ̀ mà. Olùdánwò tó ń bọ̀ láti ìta, bàbá yẹn kì í rẹ́rìn-ín. Òun ló máa sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Bó bá rí i pé máàkì já, á ní rárá, sáà sì ti parí nìyẹn mà. Ẹ jẹ́ ká gbé èyí tó dáa lọ, kẹ́ ẹ gba oyè yín, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tún ẹ̀rọ ṣe.”

“Ìwọ ọmọ yìí,” ni ó bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó sì yára gbé ìyókù mì. “Ẹ má bínú, sà. Èyí tó dáa ọ̀hún ló lé aláìsàn lọ sílé. Bí mo bá fi gba oyè, kí ni n ó máa jẹ́?”

Ọ̀jọ̀gbọ́n Kékeré ní kí ó ṣe é, ṣùgbọ́n òun ti sọ tòun o.

Wọ́n dá a padà. Alága náà fi gbohùngbohùn há etí, ó ń kùn, kò sì dìde. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Máàkì já, bí ọmọ náà ṣe wí. Àwọn ìkíni kan tilẹ̀ gùn débi pé Nọ́ọ̀sì Àgbà fúnra rẹ̀ fẹ́ ju kọ̀ǹpútà síta ojú fèrèsé.

Ọ̀sẹ̀ tí sáà máa parí ni wọ́n gbé ìgbèjà náà sí. Iyàrá gbóná, fáànù ń pariwo lásán. Bàbá Olùdánwò jókòó sídìí tábìlì, ó gbé iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì Àgbà súnmọ́ imú, ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí adìẹ tó ń wo àgbàdo. Kò kí ẹnikẹ́ni dáadáa.

“Ojú ìwé kejìdínláàádọ́rin,” ó ní. “Ẹ̀rọ yín dáa tẹ́lẹ̀. Ẹ wá bà á jẹ́. Máàkì já. Kí ló dé?”

Nọ́ọ̀sì Àgbà bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Bàbá gbọ́wọ́ sókè. “Ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ gbé ẹ̀rọ náà wá.”

Wọ́n gbé e síwájú rẹ̀. Ohùn Alága ní, “Ẹ káàsán. Ṣé ara le?”

“A dúpẹ́,” bàbá ní, bí ẹni tó ń lé eṣinṣin.

“Ọpẹ́ náà ló yẹ wá. Kí ló wá ń ṣe yín gan-an?”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àfi bàbá. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

“Ojú mi ọ̀tún ni. Láti àná, ó dà bí ẹni pé wọ́n ń fa kọ́tìnì bò ó. Iná ń kọ mànà nínú rẹ̀. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.”

Ẹ̀rọ ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kò tíì kọ ọ́ tán tí Nọ́ọ̀sì Àgbà fi dìde, tó wá ṣí ìpéǹpéjú bàbá sókè, tó wo ojú náà. Ó mọ irú ohun tí bàbá sọ yìí. Awọ tí a fi ń ríran, tó wà lẹ́yìn nínú ẹyin ojú, ló ń ṣí kúrò, bí ó bá sì ṣí tán, kò sí oògùn.

“Ẹ dìde, sà. Ilé ìwòsàn ojú, nísinsìnyí.”

“Màmá,” Ọ̀jọ̀gbọ́n Kékeré sọ wúyẹ́wúyẹ́ sí i létí, òógùn bò ó, “bí wọ́n bá jáde, kò sí ọjọ́ mìíràn mọ́. Sáà ti parí. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí wọ́n kọ́kọ́—”

“Mo mọ̀!” Ó jágbe mọ́ ọn débi pé fáànù fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́. Ó mọ̀ pé òun ń fọwọ́ ara òun ti ilẹ̀kùn. Ó dùn ún wọra. “Lọ wá ọkọ̀!”

“Ìbéèrè mi ò tíì tán o,” bàbá ní, ó ṣì di àga mú.

“Ẹ máa bi mí lọ́nà.”

Ó sì bi í. Nínú ọkọ̀, tó fi ìnuwọ́ bo ojú kan, ó bi í bó ṣe yan àwọn tó gba ohùn wọn, ó bi í ìdí tí kò fi ka iṣẹ́ lágbájá, ó ní òun ò gba orí karùn-ún rárá. Nọ́ọ̀sì Àgbà ò gbà fún un. Wọ́n ń pariwo lé ara wọn lórí débi pé awakọ̀ béèrè bóyá ìdílé kan náà ni wọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kékeré ń mí hẹlẹ níwájú, ó di ìwé tí wọ́n máa buwọ́ lù mọ́ àyà bí ọmọ ìkókó.

Ní ibi ìforúkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn ojú, akọ̀wé kan tó ń jẹ gọ́ọ̀mù kọ orúkọ bàbá, kò gbójú sókè.

“Màmá, kí lẹ jẹ́ sí wọn? Ìyàwó ni yín ni, àbí àbúrò?”

Nọ́ọ̀sì Àgbà fẹ́ sọ pé nọ́ọ̀sì lòun jẹ́ tẹ́lẹ̀.

“Dókítà ni,” bàbá ní.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Kékeré sáré tẹ́ ìwé tí wọ́n máa buwọ́ lù síwájú bàbá.

“Dókítà ojú, sà?” akọ̀wé béèrè.

“Ìyẹn ò kàn ọ́. Kọ ọ́.”