Ọ̀wẹ̀ Ilé Ìwé Abúlé Wa

Nígbà tí ọdún kẹwàá ilé ìwé abúlé wa ń bọ̀, ó ti rẹ̀ mí. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí n tó sọ ohun mìíràn, nítorí àwọn tó ń ròyìn ilé ìwé kì í rántí ìyàwó tíṣà. Ọkọ mi ni tíṣà níbẹ̀, òun nìkan. Abúlé náà wà lọ́nà ìlú Ara, èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn láti Ẹdẹ débẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ìjọba òyìnbó kò tíì pẹ́ nígbà náà, rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ àwọn èèyàn lára ni, àwọn àgbẹ̀ sì ń wò wá bí ẹni tó bá ọkọ̀ ojú irin wá, tí yóò tún bá a lọ.

Wọn kò kúkú jayò pa. Ìjọ tó ni ilé ìwé ti kó wa kiri kí a tó débẹ̀. Bí ilá mi bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í so báyìí, oníṣẹ́ á dé pé kí a palẹ̀ mọ́. Àwọn ẹlòmíràn ló jẹ gbogbo ilá tí mo gbìn nígbà èwe mi.

Abúlé yìí ni mo bí ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí láyé sí. Ó ti ń rìn, ó ti ń pe ìyá, kí ibà tó mú un lọ. Ẹ̀yìn ilé, lábẹ́ igi ìyeyè, la sin ín sí. Wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n omi yẹn gan-an ni mo fẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu lọ́kàn ara mi pé ẹnikẹ́ni kò ní kó mi kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ìgbà náà ni àwọn àgbà ìjọ wá láti Ẹdẹ. Wọ́n ní ilé ìwé tó ń jò kò lè ṣe ọdún kẹwàá. Páànù ti wà ní ibùdókọ̀ rélùwéè, àwa ni kí a mọ ògiri. Bí ilé tuntun kò bá dúró kó tó di ọjọ́ ọdún, wọn á gbé ilé ìwé lọ sí abúlé mìíràn, àti tíṣà rẹ̀.

Inú ọkọ mi dùn, bí ẹni pé ìhàlẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Yàrá méjì ni òun fẹ́, ọgbà ẹ̀fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti irin rélùwéè tí wọn yóò máa lù bí agogo. Lálaalẹ́ ló ń fi okùn wọn ògiri tí kò tíì sí.

Mo ní, "Tíṣà, ta ni yóò po amọ̀ yìí?"

Ó ní, "Ọ̀wẹ̀ ni. Mo ti kéde rẹ̀."

Mo jí gún iyán, mo se ọbẹ̀ tó kún ìkòkò. Àwọn èèyàn kọjá lọ sóko, wọ́n kí wa dáadáa, "Ẹ kú iṣẹ́ o," wọ́n sì ń lọ. Eṣinṣin nìkan ló wá jẹ́ ìpè wa. Ó tún kéde, mo tún gún iyán, wọ́n tún kí wa. Ẹni tó ń kéde kì í ṣe ẹni tó ń di ọmọ odó mú.

Inú bí mi, mo lọ bá ìyá àgbà tó gbẹ̀bí mi. Olórìṣà ni gbogbo agbo ilé wọn, ọmọ ọmọ wọn kan kò sì wọ ilé ìwé rí. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń pa ẹkùrọ́.

Mo ní, "Ìyá, kí la ṣe yín?"

"Ẹ ò ṣe wá ní nǹkan kan. Ta ló bẹ̀wẹ̀?"

"Tíṣà ni, fún ilé ìwé."

"Ilé kì í bẹ̀wẹ̀, èèyàn ní í bẹ̀wẹ̀. Tíṣà ní ti gbogbo wa ni. Ohun tó bá jẹ́ ti gbogbo ayé, ta ní í tìtorí ẹ̀ jí? Bó bá jẹ́ pé èèyàn kan ló ní ká wá bá òun mọlé, a ó mọ ẹni tá a fẹ́ bá ṣe."

Mo ní àlejò ni wá, a kò ní ẹbí, a kò ní àna níbẹ̀. Wọ́n gbójú sókè wò mí.

"Àlejò kì í ní sàréè, ìyàwó. O ti sin ọmọ sọ́dọ̀ wa. Ìwọ ni kó o bẹ̀ wá."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ojúlé dé ojúlé. N kò dárúkọ ilé ìwé. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Èmi ìyá ọmọ tó wà lábẹ́ ìyeyè ni mo bẹ̀ yín. Ẹ wá bá mi mọlé." Ó le lẹ́nu mi. Láwọn ilé kan, n kò lè sọ ọ́ parí.

Wọ́n wá. Àwọn Mùsùlùmí pọnmi kí wọ́n tó lọ kírun Jímọ̀, àwọn olórìṣà fẹsẹ̀ po amọ̀ pẹ̀lú orin. Ọkọ mi dúró ti òun ti okùn rẹ̀, ẹnìkan kò bi í léèrè ìwọ̀n. Àwo oúnjẹ padà wá ní òfìfo, ara sì tù mí.

Páànù ti wà lórí nígbà tí ọjọ́ ọdún pé. Olórí àwọn àgbà ìjọ dìde, ó yin ọkọ mi níwájú gbogbo èèyàn. Ó ní ẹni tó lè mú irú abúlé yìí kọ́ irú ilé yìí kò yẹ ní ẹni tí a ń so mọ́ ojú kan. Ilé ìwé kan wà ní ìhà Awo tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Ọkọ mi tẹrí ba, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ìyá àgbà rọra sún mọ́ mi níbi tí mo ti ń bu omi fún àlejò. Wọ́n ní, "Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ká máa lọ Awo."

Wọ́n wo ìhà igi ìyeyè. "Ọmọ náà ńkọ́?"

Mo ní, "Ibí ló ń gbé, Ìyá. Ẹ̀yin lẹ ni ín báyìí."