Tábà Wọ Ilé Aládùúrà

Itọ́ ni mo kọ́kọ́ rí. Mo wà nídìí máṣíìnì ìránṣọ mi n'Íkirè, mo bojú wẹ̀yìn, itọ́ ń ṣàn lẹ́nu Ìyanu ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, bíi ti ọmọ tó ń hu eyín. Mo ní, "Ìyanu, nu ẹnu ẹ." Kò nù ún. Ó ní, "Màámi, ilé ń yí." Kí n tó dìde, ó ti bì sórí aṣọ oníbàárà. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, aṣọ yẹn ni mo kọ́kọ́ bínú sí.

Kò pẹ́ tí òógùn fi bò ó, ojú rẹ̀ funfun, àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì. Ara rẹ̀ ò sì gbóná rárá, ìyẹn ló rú mi lójú jù. Irú ibà wo ni kì í gbóná? Bàbá rẹ̀ sáré dé láti ṣọ́ọ̀bù káfíńtà rẹ̀, ó ní dòdò tí mo rà fún un létí títì láàárọ̀ ni. Mo ní, "Ṣebí èmi náà jẹ níbẹ̀, kí ló dé tí kò ṣe mí?" Ní tèmi, ayé ni mo ń rò. Mo fún un ní omi àdúrà mu, ó bì í. Ni gìrì bá gbé e.

Ilé ìwòsàn ìjọba ni a gbé e lọ lórí alùpùpù. Wọ́n ní ká lọ gba káàdì kọ́kọ́, mo figbe ta, ni wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ tó dá gìrì náà dúró, wọ́n fa omi sí i lára. Dókítà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, béèrè pé, "Ṣé kò mu kẹrosíìnì? Ṣé kò fọwọ́ kan oògùn kòkó? Ṣé ẹnì kan ń lo tábà nílé yín?"

Díẹ̀ ló kù kí n bú u. "Tábà kẹ̀? Dókítà, Aládùúrà ni wá o!"

Mo sì gbà pé òótọ́ ni mo sọ.

Àìsàn náà wá yíwọ́ padà. Àyà tó ń sáré bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ, èémí rẹ̀ ń jìnnà síra. Mo jókòó tì í, mò ń kà á: ọ̀kan, mo dúró, mo tún dúró, kí òmíràn tó dé. Orí mi dàrú. Kí ni mo ṣe?

Nọ́ọ̀sì àgbà kan, ará Òkè-Ògùn níbi tí wọ́n ti ń gbin tábà, wá tún orí rẹ̀ gbé sórí ìrọ̀rí. Ó fa imú. "Ìyá Ìyanu, kí ló wà lábẹ́ aṣọ tí ẹ fi wé e lórí yìí?"

Mo di aṣọ náà mú. Iná orí ló wà níbẹ̀. Ta ló máa gbé aṣọ fún télọ̀ tí iná ń rìn lórí ọmọ rẹ̀? Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má ṣí i."

"Ọmọ yín ń kú lọ, ẹ ní kí n má ṣí i!" Ó tú u.

Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ẹni tó ń pa á lówe kò tíì ka èémí ọmọ rẹ̀ rí. Mo jẹ́wọ́. Wọ́n ti lé Ìyanu nílé ìwé nítorí iná orí. Ará ilé wa kan ní áṣáà, tábà lílọ̀ yẹn, ni kí n pò mọ́ àdín fi pa á lórí. Àpòmù ni mo ti lọ rà á, kí ará ṣọ́ọ̀ṣì má baà rí mi. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni mo fi pa á, lórí tó ti họ di egbò, mo sì wé e pinpin. Lójú tèmi, ohun tó bá gba ẹnu tàbí imú ni tábà. Èyí tí a fi pa orí, oògùn ni.

Wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n fá irun rẹ̀, wọ́n fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ̀ ọ́ léraléra, wọ́n pààrọ̀ gbogbo aṣọ ara rẹ̀. Dókítà ṣàlàyé pé nikotíìnì ni agbára inú tábà: á kọ́kọ́ ta ara jí, èébì, itọ́ àti gìrì á dé, lẹ́yìn náà iṣan tí a fi ń mí á rọ. Kò sí oògùn kan tó ń pa oró rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ kan kí àyà rẹ̀ lè yára, wọ́n sì ń fi báàgì rọ́bà fún afẹ́fẹ́ sí i nínú títí ara rẹ̀ fi lè mí fúnra rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, ó ní, "Màámi, ebi ń pa mí." Mo sunkún bí ọmọdé. Ọjọ́ kẹta la lọ ilé.

Awọ ara ń mu nǹkan bí ẹnu ṣe ń mu ún, n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ara ọmọ mi sì ṣàánú mi, lẹ́yìn tí mo ti ṣe é léṣe tó bẹ́ẹ̀, ó tún mú èémí padà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo dìde láti dúpẹ́. Ọkọ mi fà mí láṣọ pé kí n sọ pé àìsàn lásán ni. Mo ní, "Áṣáà ni. Èmi ni mo rà á, èmi ni mo fi pa á lórí." Mo jókòó, ojú ń tì mí.

Ìyàwó kékeré kan fọwọ́ tọ́ mi lẹ́yìn. Ọmọ tó pọ̀n dé fìlà, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, "Mà, wákàtí mélòó ló máa ń gbà kó tó bẹ̀rẹ̀? Bí a ṣe ń bọ̀ ni mo fi áṣáà pa ọmọ tèmi náà lórí."

A ò dúró gba oore-ọ̀fẹ́. Ìdí kànga la sá lọ tòun ti sùtánà, òun ń fa omi, èmi ń tú fìlà.