Òkúta Òṣùpá Lọ́wọ́ Aláró

Ìyá àgbà gbé òkúta náà jù sẹ́nu. Ọkùnrin tó ń tà á fò dìde lórí ẹní awọ rẹ̀, ó na ọwọ́ bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ jìn sí kànga, ṣùgbọ́n Ìyá àgbà kò wo apá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n di ojú, wọ́n fi ahọ́n yí òkúta náà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, wọ́n yí i sí tòsì, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń kan eyín wọn. Èmi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nínú eruku ọjà Ìwó, mo fi orúnkún méjèèjì di ẹrù aṣọ wa mú. Nígbà tó yá, wọ́n tu òkúta náà sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fi etí ìró nù ún, wọ́n dá a padà sórí awọ.

"Ìgò ni," ni wọ́n wí. "Ó ti gbóná lẹ́nu mi kí n tó ka mẹ́wàá. Òkúta kì í tètè gbóná báyẹn."

Ọkùnrin náà fi Ọlọ́run búra. Ó ní àwọn tó lọ sí Mẹ́kà ló gbé òkúta náà dé Kánò, pé láti Kánò lòun fúnra òun ti gbé e wá. Ìyá àgbà ní ìgò náà lè lọ sí Mẹ́kà, kò sẹ́ni tó ní kó má lọ. Wọ́n dìde, wọ́n gbọn eruku ìdí wọn, a sì lọ sílé.

Ìyá tó bí bàbá mi ni Ìyá àgbà. Iṣẹ́ aró ni wọ́n ń ṣe. Ìkòkò aró wọn mẹ́fà ló wà lẹ́yìn agboolé wa, lábẹ́ igi odán kan. Èmi ni mo máa ń jọ eérú fún wọn, a jọ máa ń gún èlú láàárọ̀, gbì, gbì, títí ládàánì yóò fi pe ìrun ọ̀sán. Òórùn ibẹ̀ dà bíi ti ewé tó rà sínú omi, tí ewúrẹ́ wá tọ̀ sí i. Àlejò a máa dimú, ṣùgbọ́n lójú tèmi òórùn ilé ni. Ọwọ́ Ìyá àgbà ti dúdú dé ìgbọ̀nwọ́, kò sí ọṣẹ tó lè bó o. Àwọn ìyàwó ilé máa ń fi ọwọ́ náà ṣàwàdà, wọ́n ní bí Ìyá bá fọwọ́ kan iyán, iyán á di àmàlà.

Reluwé ṣẹ̀ṣẹ̀ dé agbègbè wa nígbà náà. Bàbá mi ti bá àwọn tó ń la ọ̀nà irin lọ, a kì í sì í rí i ju ìgbà Iléyá lọ. Ìyá mi ní ọmọ ọwọ́, nítorí náà yàrá Ìyá àgbà ni mò ń sùn. Ọdún yẹn ni bàbá àgbà, ọkọ wọn, kú.

Ìyá àgbà ṣe opó fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá gẹ́gẹ́ bí àwọn àlùfáà ṣe là á sílẹ̀. Wọn kò jáde, wọn kò ki ọwọ́ bọ aró. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n jáde opó gan-an ni Baálé agboolé wa, àbúrò bàbá àgbà, rán ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé sí wọn. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú òrùka fàdákà kan jáde. Ó ní Baálé ní kí Ìyá fi sọ́wọ́, kí gbogbo ilé lè mọ̀ pé Baálé ti ṣú wọn lópó.

Mo mọ òrùka náà. Ọwọ́ bàbá àgbà ni mo ti máa ń rí i. Ìyá àgbà fúnra wọn ló fi owó aró rà á fún ọkọ wọn, kí wọ́n tó bí bàbá mi pàápàá. Ọjọ́ tí wọ́n ń wẹ òkú ni Baálé bọ́ ọ kúrò lára rẹ̀, wọ́n ní obìnrin kì í jogún ọkọ.

Ìyá àgbà wo òrùka náà, wọn kò gbà á. Wọ́n ní kí obìnrin náà dìde, pé ilẹ̀ le, orúnkún á dùn ún.

"Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Baálé," ni wọ́n wí. "Ohun tí mo fowó ara mi rà ni wọ́n fẹ́ fi rà mí. Bó bá jẹ́ òrùka ni gbogbo ilé fẹ́ rí lọ́wọ́ mi, màá lọ ra èyí tó wù mí."

Ohun tó gbé wa dé iwájú olókùúta nìyẹn. Ládùúgbò wa nígbà náà, ọwọ́ ọkùnrin ni èèyàn ti ń rí òrùka olókùúta, ọwọ́ àlùfáà àti ìjòyè àti àwọn tó lówó lọ́wọ́. Fàdákà lásán tàbí bàbà ni obìnrin ń wọ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá àgbà ti rí òkúta kan rí lọ́wọ́ àlejò kan tó wá rẹ aṣọ. Òkúta funfun ni, ìmọ́lẹ̀ kan tó fara jọ aró fẹ́ẹ́rẹ́ sì ń rìn nínú rẹ̀. Àlejò náà ní òkúta òṣùpá ni àwọn Lárúbáwá ń pè é. Ìyá àgbà sọ fún mi pé nígbà tí a bá gbé aṣọ jáde nínú ìkòkò, tí kò tíì pinnu bóyá ewé lòun máa jọ ni tàbí aró, bí òkúta yẹn ṣe rí nìyẹn. Láti ìgbà náà ni kò ti kúrò lọ́kàn wọn.

Ọjọ́ ọjà kejì, a tún lọ. Ọkùnrin náà rí wa, ó rẹ́rìn-ín, ó béèrè pé ìka ọkùnrin wo ni òun yóò wá òkúta fún, kí òun lè mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ìyá àgbà na ọwọ́ aláró wọn síwájú rẹ̀. Ẹ̀rín náà kú lójú rẹ̀. Ó ní òkúta yìí kì í ṣe ti obìnrin, pàápàá obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ rí báyìí.

"Òkúta náà kò lẹ́nu," ni Ìyá àgbà wí. "Kò lè sọ pé òun kò fẹ́ mi. Ìwọ ṣáà kó o jáde."

Kò kó o jáde lọ́jọ́ náà. Àwọn ìgò rẹ̀ nìkan ló ń tò síwájú wa, Ìyá àgbà sì ń dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò jà, wọn kò pariwo. Ìgbà tó di ọjà kẹta ni agara dá a. Ó bọ́ àpò awọ kékeré kan lọ́rùn, ó tú u, ó tú òwú inú rẹ̀, òkúta mẹ́ta sì wà níbẹ̀.

Ìyá àgbà ní kí n lọ bu omi wá. Wọ́n fọ òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú igbá, wọ́n gbé wọn síta níbi tí oòrùn mú sí, wọ́n sì ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ti àkọ́kọ́ rí bí omi ẹ̀kọ, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dúró lójú kan. Ìkejì tóbi bíi kóró àgbálùmọ̀, òun sì ni olókùúta ń yìn. Ìkẹta kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n sọ ohun tí mo rí. Mo yí i díẹ̀, mo tún yí i. Mo ní nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó ń sá fún mi.

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ìgbà tí bàbá àgbà ti kú nìyẹn. Wọ́n ní èyí làwọn máa mú. Olókùúta ní kí Ìyá wò ó dáadáa o, pé ilà kan là á láàrin bí irun orí, pé òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni padà wá pe òun ní olè.

"Mo ti rí ilà náà," ni wọ́n wí. "Èmi náà ní tèmi lára."

Aṣọ ẹtù méjì tí wọ́n fọwọ́ ara wọn rẹ ni wọ́n fi san án. Ọkùnrin náà tutọ́ sí ìka, ó fi ra aṣọ náà títí, àwọ̀ kò ràn án. Ó ní mẹ́ta lòun fẹ́. Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ wọn. Ó ní méjì náà tó.

Alágbẹ̀dẹ fàdákà tí a gbé òkúta lọ fún ń bẹ nítòsí mọ́sálásí. Àna Baálé ni. Ó ní òun á kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ Baálé ná. Ìyá àgbà ní kó béèrè, ṣùgbọ́n wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n ń yí tẹ̀sùbáà wọn. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé ní láti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ká ẹsẹ̀ kò. Ọjọ́ ń lọ, oòrùn ń yí lórí wa. Kó tó di ìrun alásàrí, ọkùnrin náà mí kanlẹ̀, ó ní kí ọmọṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ ewìrì. Mo ṣì rántí òórùn èédú náà, àti òòlù kékeré tó ń dún kín, kín, bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn jẹ́jẹ́.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Baálé ránṣẹ́ pè wọ́n sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Àwọn ọkùnrin ilé jókòó yí ká. Ìyá àgbà kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ kí ìyàwó ilé kúnlẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ sórí itan, òkúta funfun náà sì ń ṣẹ́jú lórí ìka dúdú wọn. Èmi wà lẹ́yìn wọn gan-an.

Baálé kò gbóhùn sókè. Wọ́n ní, "Ìyàwó, bọ́ òrùka yẹn, kó o gbé e síbí. Opó kọ ọkọ tí ilé fún un, ó wá lọ wọ òrùka ọkùnrin. Kí la fẹ́ sọ fún ará ìta?"

"Ẹ sọ fún wọn pé mo rà á ni," ni Ìyá àgbà dáhùn. "Mo kúnlẹ̀ fún yín, ọkọ mi. Bí mo bá jí lọ́la, màá tún kúnlẹ̀ kí yín. Àmọ́ mi ò ní bọ́ ọ."

Baálé wá ní ó dára, kí wọ́n kó ìkòkò wọn kúrò lórí ilẹ̀ àwọn kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú.

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ilé kò dúró dìgbà náà. Nígbà tí a jí, wọ́n ti dojú ìkòkò méjì dé. Aró ọ̀pọ̀ ọjọ́ ṣàn gba àárín agboolé, ó wọ abẹ́ ọlọ, ó wọ ìdí àwọn ìkòkò omi. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni àwọn adìẹ ilé fi ń rìn kiri pẹ̀lú ẹsẹ̀ dúdú, gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ṣe sọ fún wa lẹ́yìn náà. Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n aró inú mẹ́rin tó kù sínú akèrègbè. Ibi tí a ti ń gbọ́n ọn ni obìnrin tí Baálé fi òrùka rán níjọ́sí ti jáde wá. Ó ṣe òṣùká, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ìkòkò kan rù lójú gbogbo ilé, lójú Baálé tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyá mi náà pọn ọmọ, tó gbé òmíràn.

Ilẹ̀ ìdílé ìyá Ìyá àgbà tó wà létí odò, lọ́nà Kuta, ni a kó lọ. Oṣù méjì àkọ́kọ́ le, nítorí Baálé ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni nínú ilé kò gbọdọ̀ gbé aṣọ wá fún wa. Àwọn àgbẹ̀ tó ń ti Kuta bọ̀ nìkan ló ń yà. Lẹ́yìn náà, aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìlú wá, nítorí aró wọn kì í ṣí, obìnrin kò sì lè máa wọ aṣọ tó ti ṣá nítorí ìbínú ọkọ ẹlòmíràn. Ní ọdún kẹta, agbádá Baálé pàápàá dé. Ìyá àgbà rẹ ẹ́ dúdú kanrin, wọ́n sì gba iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ gbogbo ayé. Nígbà tí bàbá mi dé láti ibi iṣẹ́ irin, ó dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n padà sílé. Wọ́n ní kó dìde, pé ilé ni àwọn wà.

Òrùka náà wà lọ́wọ́ wọn títí wọ́n fi kú. Àǹtí mi, ọmọ wọn obìnrin, ló kàn, ó sì gbé e lọ sí Ìbàdàn. Mi ò tọrọ rẹ̀ rí.

Ohun tí mo rí ní ọ̀sán tí a kó dé etí odò ni mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tó bá wa ru ẹrù ti padà. Ìyá àgbà rán mi lọ pọn omi. Nígbà tí mo dé, wọ́n wà lẹ́yìn ìkòkò, wọ́n ki ọwọ́ méjèèjì bọ àárín orúnkún, wọ́n ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Mo gbé omi kalẹ̀. Mo béèrè bóyá ara wọn kò yá.

"Ẹ̀rù ló ń bà mí," ni wọ́n wí. "Láti ọjọ́ tí mo ti dá òrùka wọn padà ló ti ń bà mí. Gbé omi náà wá, ká da eérú sí i."

Ọmọdé ni mí nígbà náà, mo rò pé ẹni tí ẹ̀rù kì í bà nìkan ló lè kọ̀. Mo ti dàgbà, mo ti darúgbó. Mo kọ ọkọ tí wọ́n yàn fún mi. Mo kọ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ etí odò náà lọ́wọ́ wa. Nígbà tí ọkọ mi kú, tí àwọn ẹbí rẹ̀ jókòó yí mi ká, mo tún kọ̀. Kò sí èyí tí ara mi kò gbọ̀n nínú wọn. Mo kúnlẹ̀ fún wọn, mo jẹ́ kí ara máa gbọ̀n, mo sì sọ tẹnu mi.