Ilẹ̀kùn Tí Mi Ò Pa Dé

Háàdì dísìkì yẹn ti ń kú lọ. Ó ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ lórí tábìlì mi, ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe l'Ágọ̀-Ìwòyè, mo sì mọ̀ pé tó bá fi lè dákẹ́ báyìí, ó tán nìyẹn. Màmá tó ni ín jókòó tì mí. Efire, létí omi lọ́hùn-ún, ni wọ́n ti wá. Ọkọ wọn ti kú, kò sì síbòmíì tí fọ́tò ọkọ wọn wà àfi inú nǹkan tó ń dún yìí.

Èmi ni mo kọ́ ara mi ní C, èdè tí wọ́n fi ń kọ prógíráàmù, orí fóònù ni mo ti kọ́ ọ. Mo wá kọ prógíráàmù kékeré kan tó máa ṣí fódà kọ̀ọ̀kan, táá kó fọ́tò ibẹ̀ jáde. Ó ń lọ, ó ń lọ, ló bá dúró. Ó ní fáìlì tí mo ṣí sílẹ̀ ti pọ̀ jù.

Fáìlì wo? Mo tún tàn án, ibi kan náà ló tún dúró sí. Inú bí mi, mo fẹ̀ṣẹ́ lu tábìlì. Màmá sáré di dísìkì mú. Mo jáde lọ gba atẹ́gùn, mo wọlé, mo tún tàn án, ó tún dúró, mo tún jáde. Ìgbà tí mo máa fi padà, ewúrẹ́ ti wọlé, ó ń jẹ páálí mi. Màmá ju bàtà lù ú.

"Ìwọ ọmọ yìí, o ń jáde, o ń wọlé, o ò pa ilẹ̀kùn dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Ṣé inú ọkọ̀ ojú omi tí ò nílẹ̀kùn ni wọ́n bí ẹ sí ni?"

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀! Ilẹ̀kùn kọ́ ló kàn!"

"Ewúrẹ́ ló kàn?"

Ilẹ̀kùn tí mo ṣí, tí mi ò pa dé! Mo yíjú sí kóòdù mi. Mo kọ opendir tó ń ṣí fódà, mo kọ closedir tó ń pa á dé, àmọ́ ìsàlẹ̀ pátápátá ni closedir wà. Fódà tí ò bá ní fọ́tò, mo ti ní kó máa padà lọ látòkè, kò ní débẹ̀. Gbogbo fódà tó bá ṣí ló ń gba nọ́mbà kan lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà, kò sì dá ti àwọn wọ̀nyí padà. Nọ́mbà tán!

Ìlà kan péré ni mo fi kún un: closedir, kó tó padà. Mo tún tàn án. Ó kọjá ibi tó ti ń dúró. Kẹ́-kẹ́-kẹ́ di kẹ́... kẹ́... Dísìkì dákẹ́.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló jáde. Mo ṣí èyí tó jáde. Bàbá kan ló gbé ẹja dání, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Òun nìyẹn," ni Màmá wí. Wọ́n gba fíláàṣì tí mo kó fọ́tò náà sí, wọ́n jáde, wọn ò pa ilẹ̀kùn dé.

Mo dìde, mo rọra pa á dé.