Mọ́tò Bọ̀dá Délé kí àna l'Óǹdó

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lónìí!

Bọ̀dá Délé, ẹ̀gbọ́n mi, fẹ́ lọ kí bàbá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ l'Óǹdó.
Mọ́tò rẹ̀ ti wà kí ogun àwọn Òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀. Gílóòbù kékeré ẹ̀yìn súìṣì iná rẹ̀ ti kú, ó ní kí n pààrọ̀ rẹ̀.
Mo pààrọ̀ rẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ mo so wáyà fèrè mọ́ súìṣì náà.
Mo ní, "Ẹ má tàn án lọ́sàn-án o, yóò tètè jó."
Ó gbà!

Ilẹ̀ ń ṣú bọ̀ nígbà tí a dé iwájú ilé àna. Bí bàbá ṣe yọjú báyìí, Bọ̀dá fẹ́ ṣe fáàrí, ó tan iná.

Páàààà! Kò dákẹ́.

Bàbá pariwo, mo ti ń sín ohùn rẹ̀ jẹ láti ìrọ̀lẹ́: "Ta lò ń fun fèrè mọ́?"
Bọ̀dá ní: "Ẹ má bínú, sà. Bí... bí àwa ará Àkúrẹ́ ṣe ń kí àna nìyẹn."
"Ẹn-ẹ́n. Mọ́tò ti kí mi. Ìwọ ńkọ́?"

Gbì! Bọ̀dá dọ̀bálẹ̀, agbádá funfun rẹ̀ di ti eruku. Fèrè ṣì ń ké. Mo ti fìlà bọ ẹnu.

Ni bàbá bá bú sẹ́rìn-ín: "Dìde, ọkọ ọmọ mi. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, kí mọ́tò yìí wá kí gbogbo ẹbí bẹ́ẹ̀ o!"

Bí wọ́n ṣe wọlé ni mo já wáyà náà. Bọ̀dá ò mọ nǹkan kan.

Àna ti pàṣẹ o. Ṣé kí n tún so ó? Ẹ tètè dá mi lóhùn!