Ìlú Mẹ́ta Tí A Fẹ́ Lọ Lásìkò Òtútù

Ọkọ mi ti gbé ìlú òyìnbó rí kó tó fẹ́ mi. Tíṣà ni àwa méjèèjì ní Ìjerò, a ò sì tíì bímọ. Ó ṣèlérí pé bí ọlidé Kérésìmesì bá dé, òun á mú mi lọ wo yìnyín ní Lọ́ńdọ̀nù, Ẹdinbọ́rọ̀ àti Párísì, àwa méjì péré, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní wo ikùn mi kó tó kí mi. Ìyẹn gan-an ni mo ń fẹ́. Yìnyín ò jẹ́ nǹkan kan lójú mi.

A lẹ máàpù mọ́ ògiri pálọ̀. Bí a bá jẹun alẹ́ tán, a ó máa jiyàn. Ó ní Ẹdinbọ́rọ̀ ni ká kọ́kọ́ dé. Mo ní ṣé ọkùnrin tí ọyẹ́ ìlú Ẹ̀fọ̀n níbí ń mú gbọ̀n ló fẹ́ fi ìlú tó tutù jù bẹ̀rẹ̀? Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Mo ti hun súwẹ́tà fún àwa méjèèjì. Inú mi dùn, kí n má purọ́.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń dáko kòkó ní Ìjùrìn ṣubú lóko, kò sì dìde mọ́. Láyé ìgbà náà, bí ọkùnrin bá kú, àbúrò rẹ̀ ni ẹbí máa ń fi opó náà fún. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo rò pé òrùka ṣọ́ọ̀ṣì ti yọ àwa kúrò nínú irú ẹ̀. Ọkọ mi kàn dé láti Ìjùrìn lọ́jọ́ kan, ó ní ká fi Párísì sílẹ̀. Ó tún lọ, ó tún dé, ó ní ká fi Ẹdinbọ́rọ̀ sílẹ̀.

Mo bi í pé, "Ṣé ẹ ti ṣú ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín lópó ni?"

Ó wolẹ̀. "Tíṣà, ẹbí ò bi mí. Wọ́n kàn sọ fún mi ni."

"Ẹ̀yin náà ò sì bi mí."

Ó búra pé ìtọ́jú nìkan ni òun máa ṣe fún wọn, pé Lọ́ńdọ̀nù ṣì wà. Mo gbà á gbọ́, nítorí mo fẹ́ gbà á gbọ́.

Nígbà tí opó náà kó àwọn ọmọ rẹ̀ dé, mo ti kúnlẹ̀ kí n tó rántí pé orogún mi ni. Ìyálé ilé ni wọ́n, láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ ni mo ti ń kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n fà mí dìde, wọ́n ń sunkún.

"Ìyàwó, má bínú. Ulé tí wọ́n ní kí n lọ nìyí."

Mo wá ẹni tí mo lè kórìíra, mi ò rí. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọyẹ́ dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí ìyálé mi tí wọ́n ń bì lẹ́yìn ilé ìdáná. Mo mọ̀ pé oyún ni. Ọkọ mi ò tún dárúkọ Lọ́ńdọ̀nù mọ́, èmi náà ò sì bi í.

Lọ́jọ́ Kérésìmesì, bí a ṣe jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa rọ́ yí mi ká. Ẹ̀rín kún ẹnu wọn.

"Ẹ kú oríire o! Ọlọ́run ti ṣíjú wo ilé yín."

Mo ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ bá mi dúpẹ́."