Myeongok Yan Káàdì Tirẹ̀

Iwájú ẹni tó ń gbowó ní ilé ìtajà ńlá kan lẹ́yìn ìlú Gunsan ní ilẹ̀ Kòríà ni Myeongok ti mọ̀ pé òun ò ní káàdì. Ó ti to kábéèjì, iyọ̀ òkun àti àlùbọ́sà eléwé sílẹ̀, àwọn èèyàn sì ti tò sẹ́yìn rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń gbowó ti káàdì náà bọ ẹ̀rọ, ó yọ ọ́, ó tún tì í bọ̀ ọ́.

"Ẹ má bínú, Màmá. Káàdì yín ò ṣiṣẹ́."

"Kò ṣiṣẹ́ báwo? Ṣebí mo lò ó lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Wọ́n ti tì í pa ni. Ṣé ẹ ní òmíràn?"

Kò ní òmíràn. Orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n kọ sára káàdì yẹn lóòótọ́, Pyo Myeongok, gàdàgbà-gadagba, ṣùgbọ́n ẹ̀ka ni, ara káàdì ọkọ rẹ̀ ló ti yọ. Ọkọ ti kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù. Nígbà tí ọmọ wọn lọ fi ikú náà tó ìjọba létí, ìròyìn dé ilé iṣẹ́ oníkáàdì, wọ́n gé igi nídìí, ẹ̀ka bá a lọ. Myeongok fi kábéèjì sílẹ̀ níbẹ̀, ó bẹ àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó jáde. Ọkọ̀ méjì ló wọ̀ kó tó délé, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni nínú méjèèjì.

Tak Inbae ni ọkọ náà ń jẹ́. Agégíláàsì ni. Ìdí ilé wọn ni ṣọ́ọ̀bù wà, tọkọtaya ló sì ń ṣe é. Bí Inbae bá ń gé gíláàsì, Myeongok ló ń di etí kejì mú. Òun ló ń gbé fóònù, òun ló ń kọ bí fèrèsé oníbàárà ṣe gùn tó, òun ló ń gbá èéfọ́ ilẹ̀, òun náà ló ń se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn lébìrà. Ó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbowó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ ọ̀tún kì í fún tòsì lówó kí wọ́n tó wẹ ara wọn.

Inbae fẹ́ràn èènì tí káàdì máa ń fún èèyàn bí ìgbà tí ọmọdé bá fẹ́ràn àádùn. Káàdì tirẹ̀ máa ń dá díẹ̀ padà nínú owó epo mọ́tò àti nínú owó ọjà tí wọ́n bá rà ní ilé ìtajà ńlá ẹ̀yìn ìlú yẹn. Ní gbogbo Sátidé, á wa ọkọ̀ lọ síbẹ̀, á ra epo lójú ọ̀nà, á máa fi ọwọ́ lu ìdarí ọkọ̀. "Ìyá Boram, ṣó o rí i? Owó tí àwa ń ná ń bímọ, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń padà wálé." Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀yìnkùlé wọn ni ọjà ẹja wà.

Ohun kan tún wà. Gbogbo ìgbà tí Myeongok bá fi ẹ̀ka káàdì tirẹ̀ rajà ni fóònù Inbae máa ń dún. Kí ó tó kó ẹrù sínú àpò, ọkọ á ti pè é: "Ilé onínúdù lo wà yẹn! O fẹ́ dá a jẹ, àbí? Gbé tèmi bọ̀ o." Ẹ̀rín ló fi ń ṣe é, kì í ṣe ìjà. Kò fìgbà kan rí sọ pé má rà á. Síbẹ̀, búrẹ́dì kan wà tí wọ́n ń tà lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin àtijọ́, ẹ̀wà pupa dídùn ni wọ́n ń fi sínú rẹ̀, owó ẹyọ ni Myeongok máa ń fi rà á. Á jẹ ẹ́ tán lórí ìdúró kó tó darí sílé. Kì í ṣe olè. Ó kàn fẹ́ kí nǹkan kan wà tí òun ṣe tí fóònù ò dún sí ni.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí káàdì kú yẹn, Boram pè é láti Seoul. Òun nìkan ni ọmọ wọn, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìwé ìpolówó ló wà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń yá bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè.

"Màmá, ẹ má da ara yín láàmú. Màá gba ẹ̀ka káàdì mi fún yín. Èènì tèmi pọ̀ ju ti Bàbá lọ fíìfíì. Wọ́n ní iye kan tí èèyàn gbọ́dọ̀ ná lóṣù kó tó rí i gbà, èmi nìkan kì í ná an tán. Tí a bá pa tiyín pọ̀ mọ́ tèmi, ó ti bọ́ sí i."

"Ṣé kò ní ni ọ́ lára?"

"Kí ló fẹ́ ni mí lára níbẹ̀? Ẹ̀yin ẹ sáà máa ná an."

Káàdì dé, ó dán, ó dára lójú. Myeongok fi ra ẹja, ó fi sanwó gáàsì. Lọ́jọ́ tó fi ra nǹkan ní ilé oògùn, kò tíì dé títì tí Boram fi pè.

"Màmá, kí lẹ rà níbẹ̀?"

"Pílásítà ni."

"Pílásítà ibo? Eékún yẹn tún ti bẹ̀rẹ̀, àbí?"

"Kò bẹ̀rẹ̀. Mo kàn rà á sílẹ̀ ni."

Báyìí ló bẹ̀rẹ̀. Bó bá ra nǹkan, ìpè. Bí kò bá ra nǹkan, ìpè tiẹ̀ tún le jù. "Màmá, láti àná ẹ ò ra nǹkan kan. Ṣé ẹ ń jẹun báyìí? Ṣé ara yín yá?" Nígbà tí òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ kan, tí afẹ́fẹ́ òkun ń gbá ilẹ̀kùn, Myeongok wo aago, ó rántí pé òun ò tíì ná kọ́bọ̀ láti àárọ̀. Ó wọ bàtà òjò, ó mú agbòòrùn, ó lọ ra wàrà sóyà. Èyí tó rà tẹ́lẹ̀ ṣì wà nínú fìríìjì. Ó rà á kí ọmọ rẹ̀ lè fọkàn balẹ̀ ṣiṣẹ́.

Nígbà tó ń bọ̀, ó yà sí ọ̀dọ̀ Ìyá Dongcheol, aládùúgbò rẹ̀ tó ń fọṣọ fún gbogbo ojúlé, ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ.

"Kí lò ń wá kiri nínú òjò, ìwọ obìnrin yìí? O fẹ́ bá ọkọ ẹ lọ ni?"

Myeongok gbé wàrà náà sókè. "Èyí ni mo lọ rà. Tí n ò bá rà á, ọmọ mi á rò pé mo ti kú."

Ìyá Dongcheol gbé áyọ́ọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rín in mọ́. "Káàdì ọkọ. Ó kú, o bọ́ sórí káàdì ọmọ. Myeongok, tìrẹ dà?"

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é lórúkọ ládùúgbò yẹn. Ìyá Boram ni gbogbo ayé mọ̀. Ó dúró níbẹ̀, omi ń kán lára agbòòrùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ló lọ sí báǹkì tó wà ní ìkóríta. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló jókòó tì í, ó mọ̀wé, ó sì lọ́wọ̀.

"Mà, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Iṣẹ́ gíláàsì. Èmi àti ọkọ mi."

"Ṣé orúkọ yín wà lára ìwé ìforúkọsílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà?"

"Orúkọ tiẹ̀ ni."

"Ṣé wọ́n ń san owó oṣù fún yín? Ẹ̀rí kan tó fi hàn pé owó ń wọlé fún yín?"

Myeongok wò ó. "Ọmọ mi, ta ni ì bá san án fún mi?"

Ọmọkùnrin náà tẹ bọ́tìnì díẹ̀, ó tún wo iwájú ẹ̀rọ rẹ̀, etí rẹ̀ pọ́n. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, Mà. Lójú ẹ̀rọ yìí, ẹ ò ṣiṣẹ́ rí."

Kò bú u. Ó dúpẹ́, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti tì pa, ó jókòó sórí àga Inbae. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síwájú ara rẹ̀. Àpá gíláàsì kún inú rẹ̀, òmíràn gùn, òmíràn kúrú, èyí tó wà nídìí àtàǹpàkò jẹ́ ti ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe fèrèsé ilé ìwé kan, nígbà tí ó lóyún Boram. Ẹkún tí kò sun dáadáa níbi ìsìnkú wá gbọ̀n ọ́n níbẹ̀. Ohun tó ń dùn ún ò hàn sí i kedere. Ó ń sunkún ọkọ, ó sì ń bínú sí ọkọ: gbogbo bó o ṣe fẹ́ràn èènì tó, Inbae, o ò rántí kọ orúkọ mi sílẹ̀.

Ìyá Dongcheol ló mú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wá. Ilé ìwé kan létí odò ń wá ẹni tí yóò máa ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná wọn. Boram gbọ́, ó yarí: "Ní ọjọ́ orí yín, Màmá? Kí lẹ ò ní?" Myeongok lọ ní tirẹ̀. Iṣẹ́ náà le. Ìkòkò ìrẹsì tóbi débi pé èèyàn lè wẹ̀ nínú rẹ̀, ooru á máa ru, bàtà rọ́bà á máa yọ̀, eékún á máa ké. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ibẹ̀ ń pariwo, wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn, wọ́n sì ń pè é ní Àǹtí Myeongok. Nígbà tí owó oṣù àkọ́kọ́ wọlé, ó wo orúkọ ara rẹ̀ lórí ìwé náà pẹ́ bí ẹni tó ń wo àwòrán ìgbà èwe.

Ó ṣe oṣù mélòó kan kó tó padà sí báǹkì. Obìnrin kan ló bá níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ó sì to oríṣi káàdì mẹ́ta síwájú rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ń fúnni ní èènì lórí epo mọ́tò. Myeongok ti ta ọkọ̀. Ìkejì ni èènì rẹ̀ pọ̀ jù, ó sì pọ̀ lóòótọ́: kọfí, takisí, oúnjẹ tí wọ́n ń gbé wá sílé. Àmọ́ èèyàn gbọ́dọ̀ ná tó iye kan lóṣù kó tó rí i. Ìkẹta ò ní àdéhùn kankan. Ohun yòówù kí èèyàn rà, níbi yòówù kó ti rà á, díẹ̀ bíńtín á padà wá.

"Ìkejì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń mú, Mà. Ìkẹta yẹn, èènì rẹ̀ kéré."

Myeongok ń fi ọkàn rìn nínú ọ̀sẹ̀ tirẹ̀. Ẹja láti ẹ̀yìnkùlé. Ewébẹ̀ lọ́wọ́ ìyá àgbà tó ń pàtẹ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, owó ni ìyẹn ń gbà, kì í gba káàdì. Ọkọ̀ èrò. Pílásítà. Búrẹ́dì ẹ̀wà pupa. Ìgbà náà ló yé e pé lẹ́yìn tí Inbae kú tán pàápàá, òun ṣì ń wọ ọkọ̀ méjì lọ sí ilé ìtajà ẹ̀yìn ìlú, nítorí èènì epo tí òun ò rà mọ́. Èènì ló ti ń júwe ọ̀nà fún ẹsẹ̀ wọn láti ọjọ́ yìí.

"Tí mo bá mú ìkejì," ó ní, "màá bẹ̀rẹ̀ sí mu kọfí tí n kì í mu, màá wọ takisí lọ síbi tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé. Èmi ni káàdì náà á máa ná. Fún mi ní kékeré yẹn."

Obìnrin báǹkì náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yí ìwé sí i kó fọwọ́ sí i.

Ibi tó le ni bí yóò ṣe sọ fún Boram. Ó sọ ọ́ lórí fóònù, ó ní òun fẹ́ dá ẹ̀ka káàdì rẹ̀ padà.

"Ìdá mélòó ni wọ́n ń fún yín?" Boram béèrè. Nígbà tó gbọ́, ó figbe ta. "Màmá! Owó lẹ ń sọ nù yẹn!"

"Mo mọ̀."

"Kí wá ni mo ṣe fún yín?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Ọmọ dáadáa ni ọ́. Ṣùgbọ́n mo ti di ẹni tó ń ra wàrà sóyà nínú òjò kí o lè sùn."

Ohùn Boram yí padà. "Gbogbo ìgbà tí mo bá bi Bàbá pé báwo lara, 'Koko ni' ló ń sọ. Àyà ń dùn ún, koko ni. Wọ́n gbé e lọ sọ́sípítù, koko ni. Mo rò pé káàdì nìkan ni kò ní lè purọ́ fún mi."

Myeongok jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò mọ̀ pé ohun tó wà lọ́kàn ọmọ náà nìyẹn. Òun náà ti gbé "koko ni" yẹn mì láìmọye ìgbà.

"Boram," ó ní, "eékún mi ń dùn mí. Ti òsì. Tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn, ó ń dùn mí gan-an."

"Ẹ ní kò bẹ̀rẹ̀!"

"Irọ́ ni mo pa. O rí i, mo ti sọ òótọ́. Ṣó o máa lọ́ káàdì mọ́ mi lọ́wọ́ ni?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín nínú omijé. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí ọbẹ̀ fi jóná lórí iná.

Nígbà tí òdòdó yọ lára igi, Boram wá sílé. Wọ́n lọ jẹ núdù ọlọ́bẹ̀ pupa létí èbúté, èyí tí wọ́n ń pè ní jjamppong, ata rẹ̀ ń mú imú ṣomi. Bí wọ́n ṣe jẹun tán, ìyá àti ọmọ jọ fò dìde, káàdì méjì na jáde síwájú onílé oúnjẹ.

"Ẹ gba tèmi, ẹ̀gbọ́n," ni Boram ń wí.

"Bó o bá gba tiẹ̀, n ò ní wá síbí mọ́," ni Myeongok ń wí. "Èmi ni mo bí i. Má gbà á!"

Ọkùnrin náà gba ti ìyá, ó ní òun ò fẹ́ kú. Èènì tó wọlé lórí oúnjẹ yẹn kò tó ra àlùbọ́sà kan. Boram fẹ́ sọ ọ́, ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó pa ẹnu dé.

Kó tó padà lọ, Myeongok di alákàn tí wọ́n rì sínú omi sóyà oníyọ̀ fún un, ó fi ọ̀rá wé e lórí ọ̀rá. Ọkọ̀ ojú irin ò tíì rìn jìnnà tí fóònù fi dún.

"Màmá! Ó ti ń jò o! Gbogbo inú ọkọ̀ ló ń rùn, ojú èmi nìkan ni wọ́n ń wò!"

"Tú u," ni Myeongok wí, ó ti ń rẹ́rìn-ín, "kó o fún wọn jẹ."